Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Ìbú Fọ́tò Kù Láìgé Ẹnikẹ́ni Dànù

Fọ́tò tí kámẹ́rà ńlá ń yà kì í sábà bá férémù tí wọ́n ń tà lọ́jà mu. Ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ló ń ya àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 3 tí òòró rẹ̀ sì jẹ́ 2. Férémù ínǹṣì 10 sí 8 tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ ń fẹ́ ìbú 5 sí òòró 4. Tí ẹ bá gbé fọ́tò yẹn dé ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, wọ́n lè gé etí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹni tó dúró ní ìpẹ̀kun bá a lọ. Wọ́n sì lè fún un pọ̀, kí gbogbo èèyàn di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú àgbà, ta ló ń dúró ní ìpẹ̀kun? Àbúrò ìyá ni, àna ni, ọmọ tó ti òkèèrè dé nílùú láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Kò yẹ kí férémù sọ wọ́n di ẹni àgédànù.

Ọ̀nà mìíràn wà. Shai Avidan àti Ariel Shamir ló gbé e jáde lọ́dún 2007, níbi SIGGRAPH, àpérò àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ àwòrán, tó wáyé nílùú San Diego ní Amẹ́ríkà. Seam carving ni wọ́n pè é. Dípò kí wọ́n gé etí àwòrán, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wá ibi tí kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀, bí ojú ọ̀run, ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kan ṣoṣo kùn, tàbí iyanrìn etíkun, kó sì máa yọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ Adobe ti fi í sínú Photoshop CS4, ètò wọn fún títún fọ́tò ṣe, wọ́n pe tiwọn ní Content-Aware Scale. Carlo Baldassi náà kọ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó pè ní Liquid Rescale, fún GIMP, iṣẹ́ rẹ̀ yìí sì ni ImageMagick àti digiKam, tí wọ́n jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ fọ́tò bíi GIMP, ń lò títí di òní. Ẹ kò ní láti ra ohunkóhun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń wò

Kọ̀ǹpútà kò mọ bàbá, kò mọ ìyá, kò mọ ìyàwó. Ohun tó ń wò ni bí àwọ̀ píksẹ́lì kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tóótòòtó aláwọ̀ tó para pọ̀ di àwòrán, ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn tó yí i ká. Níbi tí àwọ̀ bá ti yí padà lójijì, bí etí gèlè, ìpéǹpéjú tàbí ọnà ara aṣọ òkè, iye tó máa kọ sílẹ̀ fún píksẹ́lì náà á pọ̀. Níbi tí àwọ̀ bá ti tẹ́ lọ gbalaja, iye náà á kéré. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá ọ̀nà kan láti òkè àwòrán dé ìsàlẹ̀, ìyẹn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa yọ, píksẹ́lì kan péré lórí ìlà kọ̀ọ̀kan tó dùbúlẹ̀, tí àròpọ̀ iye rẹ̀ kéré ju ti ọ̀nà yòókù lọ. Ọ̀nà náà lè wọ́, àmọ́ bó bá ń ti ìlà kan bọ́ sórí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ yà ju píksẹ́lì kan lọ sí òsì tàbí sí ọ̀tún.

Ẹ wo àwòrán kékeré yìí, ìlà mẹ́ta, píksẹ́lì mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn nọ́ńbà náà ni iye tí kọ̀ǹpútà ti kọ fún wọn:

1 5 6 2
7 8 3 1
4 9 2 6

Ẹni tó bá kánjú á bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 tó wà ní igun òsì, torí òun ló kéré jù lókè. Àmọ́ láti ibẹ̀, 7 àti 8 nìkan ló lè bọ́ sí. Bó bá mú 7 tó kéré nínú méjèèjì, tó sì bọ́ sórí 4, àròpọ̀ ti di 12. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ti òkè bọ̀, ó sì ń kọ sórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan iye tó kéré jù téèyàn lè ná kó tó débẹ̀. Ìlà kejì á wá di 8, 9, 5, 3. Ìlà kẹta á di 12, 14, 5, 9. Èyí tó kéré jù nísàlẹ̀ ni 5. Tó bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sókè, ọ̀nà tó máa rí ni 2, 1, 2 ní apá ọ̀tún. Píksẹ́lì mẹ́ta yẹn ló máa yọ, àwọn tó kù á sún mọ́ra, ìbú àwòrán á sì dín ní píksẹ́lì kan. Á tún ìṣirò náà ṣe fún ọ̀nà tó kàn, àti èyí tó kàn, títí ìbú á fi dé ibi tí ẹ fẹ́.

Mo ṣàlàyé èyí kúnnákúnná torí òun ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ á ti bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Agbádá funfun tí kò ní ọnà lára, tí oòrùn ń tàn sí: ní ojú kọ̀ǹpútà, ògiri ni. Iwájú orí bàbá àgbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, orí tí wọ́n fá: gbogbo wọn ló dán, iye wọn kéré, ìlà lè gba inú wọn kọjá. Bẹ́ẹ̀ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn wọn, tó kún fún ewé, àti òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀, iye tiwọn pọ̀ gan-an. Kọ̀ǹpútà á máa ṣìkẹ́ ewé, á sì máa bù lára bàbá. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín sàmì sí ohun tó níyì nínú fọ́tò náà. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yẹn, tó sì rí i pé ojú èèyàn wọ́, kò yẹ kó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo fọ́tò náà dáadáa

Ẹ wá àyè tó ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fọ́tò tí bàbá àti ìyá jókòó sí apá òsì, tí àwọn ọmọ dúró sí apá ọ̀tún, tí ògiri lásán sì wà láàárín wọn, irú èyí ló dára jù. Fọ́tò tí ogójì èèyàn dì pọ̀ sí, tí èjìká kan èjìká, kò ní àyè tí ẹ lè yọ; ẹ bọ́ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa etí funfun nísàlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tó tọ́ gbọnrangandan: òpó, irin ojú fèrèsé, ìlà táìlì, àti ní pàtàkì bánà tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí. Ojú èèyàn á rí i kíá tí òpó bá tẹ̀ tàbí tí lẹ́tà bá fún pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò iye tí ẹ fẹ́ yọ

Ká ní fọ́tò yín jẹ́ 6000 sí 4000 píksẹ́lì. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa fún férémù 10 sí 8, 300 píksẹ́lì lórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan ti tó, ìyẹn 3000 sí 2400. Ẹ kọ́kọ́ dín gbogbo fọ́tò náà kù déédéé sí 3600 sí 2400. Nǹkan tó kù láti yọ á wá jẹ́ ìlà 600, ìdá kan nínú mẹ́fà. Bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀ tí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí fáìlì ńlá náà, ìlà 1000 ni ẹ máa yọ láti dé ibì kan náà, kọ̀ǹpútà á sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Ìdá kan nínú mẹ́fà kò pọ̀ jù bí àyè bá wà. Tó bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta, bíi ká fẹ́ sọ fọ́tò 3 sí 2 di onígun mẹ́rin tó dọ́gba, èmi kì í fi gbogbo rẹ̀ lé ọ̀nà yìí lọ́wọ́. Mo máa ń gé ohun tí kò wúlò ní etí ná, kí n tó ní kí kọ̀ǹpútà yọ ìyókù láàárín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dán an wò pẹ̀lú ImageMagick

Ọ̀fẹ́ ni ImageMagick, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Àṣẹ ni wọ́n ń tẹ̀ sínú rẹ̀, kò ní bọ́tìnì. Ẹ ṣí Terminal, tàbí Command Prompt lórí Windows, kí ẹ tẹ èyí:

magick -version

Lórí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Delegates, ẹ wò ó bóyá lqr, ìkékúrú Liquid Rescale, wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, èyí tí ẹ ní kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ fò ó lọ sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Tó bá wà, ẹ tẹ méjì yìí tẹ̀ léra, kí ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò molebi.jpg:

magick molebi.jpg -resize 3600x2400 kekere.png
magick kekere.png -liquid-rescale "3000x2400!" tuntun.png

Àmì ìyanu ẹ̀yìn nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì. Òun ló ń sọ fún un pé kó lo ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́, kó má ṣe tẹ̀ lé ìwọ̀n ti fọ́tò tẹ́lẹ̀. Lórí Linux àti Mac, ẹ lè fi àmì àyọlò ẹyọ kọ̀ọ̀kan rọ́pò oníméjì bí Terminal bá ń ráhùn. PNG ni mo fi pamọ́ láàárín torí JPG máa ń pàdánù díẹ̀ nínú àwòrán nígbà gbogbo tí ẹ bá tún un fi pamọ́. Orúkọ fáìlì yín kò gbọdọ̀ ní àmì ohùn tàbí àlàfo.

Ẹ ṣí tuntun.png. Fún fọ́tò ìta gbangba tí ojú ọ̀run tàbí odò gba ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ lè parí síbí. Fún fọ́tò tó ní èèyàn, ẹ kà á sí ìdánwò lásán, kí ẹ lè mọ ibi tí ìlà ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sàmì sí àwọn èèyàn

Nínú digiKam, ẹ ṣí fọ́tò náà sínú Image Editor, ẹ lọ sí Transform, ẹ mú Liquid Rescale. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì méjì. Ọ̀kan ni ẹ fi ń kun ohun tó gbọ́dọ̀ dúró bó ṣe wà, èkejì fún ohun tí ẹ fẹ́ kó yọ kúrò. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ kun àwọn èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ: dé ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kun ojú nìkan. Ìlà á wá gba àárín ìgbáròkó kọjá, orí á tóbi, ara á tín-ín-rín. Ẹ kun fìlà, gèlè, ọ̀pá àṣẹ, àga tí àgbà jókòó lé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dà náà kọjá ara wọn díẹ̀. Ẹ kun òjìji wọn nílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá fi ìbú 3000 àti òòró 2400 sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní Photoshop, ẹ yí àwọn èèyàn ká pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ẹ fi ń yan nǹkan, ẹ lọ sí Channels, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fi ohun tí ẹ yàn pamọ́ bíi channel. Á pè é ní Alpha 1. Ẹ lọ sí Select, ẹ mú Deselect. Tí àwòrán bá wà lórí Background tí wọ́n tì pa, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó di layer gidi. Ẹ lọ sí Edit, ẹ mú Content-Aware Scale, ẹ yan Alpha 1 níbi tí wọ́n kọ Protect sí, kí ẹ tó fa etí fọ́tò wọlé. Tí òòró bá ń dín kù bí ẹ ṣe ń fà á, ẹ tú àmì ẹ̀wọ̀n tó wà láàárín W àti H. Kò ṣiṣẹ́ lórí Smart Object. Ẹ yí i padà sí layer lásán ná.

Àmì èèyàn kékeré kan wà lórí ìlà irinṣẹ́ náà tó ń dáàbò bo àwọ̀ ara. Èmi kì í gbára lé e fún àwọn èèyàn wa. Àwọ̀ ló ń wá, ògiri amọ̀ àti ilẹ̀ pupa sì lè jọ awọ ara lójú rẹ̀, nígbà tí ojú tó dúdú tó wà lábẹ́ òjìji gèlè lè bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ọwọ́ yín ló mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ sún un tóbi dé ìwọ̀n 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ máa wò ó láti òsì dé ọ̀tún. Ẹ kọ́kọ́ wo ìka ọwọ́, lẹ́yìn náà etí awò ojú, etí ògiri, àti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri. Tí ìlà ilẹ̀ bá gé níbì kan tó sì bẹ̀rẹ̀ sókè díẹ̀ níwájú, ìlà tí ẹ yọ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ dá ìbú padà sí 3200, kí ẹ gé ìyókù ní etí. Lọ́dún 2008, Michael Rubinstein dara pọ̀ mọ́ Shamir àti Avidan láti tún ìṣirò yìí ṣe: kọ̀ǹpútà ò kàn ní wo ohun tó yọ, á tún wo bí píksẹ́lì méjì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di aládùúgbò ṣe máa bá ara wọn mu. Ìtẹ̀ ohun tó tọ́ dín kù púpọ̀ látìgbà náà, àmọ́ kò tán.

Tí ẹ bá fẹ́ fi kún un dípò kí ẹ yọ

Ojú ọ̀run tàbí ògiri lè wà lókè orí wọn, nígbà tí kò sí àyè kankan láàárín wọn. Níbẹ̀, ẹ má ṣe dín ìbú. Ẹ fi kún òòró. Ẹ dín fọ́tò kù déédéé sí 3000 sí 2000, kí ẹ sì ní kó di 3000 sí 2400. Kọ̀ǹpútà á wá ìlà 400 tó dùbúlẹ̀, tó sì rọrùn jù láti pín, á wá fi ìlà tuntun tó jọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ yan gbogbo irinwó náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ń yan ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, ìlà kan náà ló máa mú ṣáá, ojú ọ̀run á sì di ìlà gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n fà ya. Liquid Rescale mọ èyí, ẹ̀yin kò ní láti ṣe nǹkan kan. Kìkì pé kí ẹ má ṣe fi ju ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí kò bá sí àyè rárá, ẹ fi etí funfun sí i:

magick molebi.jpg -resize 3000x2400 -background white -gravity center -extent 3000x2400 etifunfun.jpg

Ìlà funfun 200 á wà lókè, 200 nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó kúrò, kò sí ẹni tó wọ́. Mo fẹ́ràn èyí ju fọ́tò tí wọ́n fi tipátipá yọ ìlà lára rẹ̀ lọ, ó sì dára gan-an nínú férémù.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ọ̀nà yìí ṣe. Bí ẹ bá yọ àyè tó wà láàárín èèyàn méjì, ẹ ti sún wọn mọ́ra ju bí wọ́n ṣe dúró lọ. Nínú férémù ìdílé, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú fọ́tò ìròyìn, fọ́tò jàm̀bá ọkọ̀, tàbí ti ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ lè fi yọ odindi èèyàn kúrò. Àwọn fọ́tò yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n.

Fídíò

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé bí wọ́n bá ti lè ṣe é fún fọ́tò kan, wọ́n lè ṣe é fún àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò kí wọ́n sì tò wọ́n padà. Ẹ má ṣe dán an wò fún iṣẹ́ oníbàárà. Ìlà tí kọ̀ǹpútà yàn nínú àwòrán kan kì í ṣe èyí tó máa yàn nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ògiri á wá máa gbọ̀n, ojú á máa fẹ̀ á máa sún kì. Ojútùú tí Rubinstein, Shamir àti Avidan mú wá lọ́dún 2008 ni pé kí wọ́n to gbogbo àwòrán fídíò jọ bí àpótí kan, kí wọ́n sì gé ojú kan tó lè wọ́ bí aṣọ títa gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà gan-an, kì í sì í ṣe òun ni àwọn irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ ń lò. Auto Reframe inú Premiere Pro, ètò Adobe fún fídíò, àti AutoFlip tí Google gbé jáde lọ́dún 2020, gígé ni wọ́n ń gé etí, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé èèyàn tó ń rìn.

Ẹ lè fi FFmpeg, ètò ọ̀fẹ́ fún fídíò tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí bíi ti ImageMagick, gé e fúnra yín. Fún fídíò 1920 sí 1080 tí ẹ fẹ́ kó dúró ní òòró lójú fóònù:

ffmpeg -i ijo.mp4 -vf "crop=608:1080:656:0,scale=1080:1920,setsar=1" -c:a copy ijo-ooro.mp4

656 yẹn ló ń sọ ibi tí gígé ti bẹ̀rẹ̀. Àárín gẹ́lẹ́ nìyẹn. 0 ni ìpẹ̀kun òsì, 1312 ni ìpẹ̀kun ọ̀tún. Bí oníjó bá ń ti apá kan lọ sí apá kejì, ẹ pín fídíò sí abala, kí ẹ fún abala kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ipò kan wà tí ẹ ti lè yọ àárín fídíò láìsí gbígbọ̀n: tí kámẹ́rà bá wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kò mira, tí ọ̀kan jókòó sí òsì, tí èkejì jókòó sí ọ̀tún, tí ògiri aláwọ̀ kan sì wà láàárín wọn, bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ibì kan náà ni ẹ máa yọ nínú gbogbo àwòrán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin:

ffmpeg -i oro.mp4 -filter_complex "[0:v]split[a][b];[a]crop=700:1080:0:0[o];[b]crop=740:1080:1180:0[t];[o][t]hstack[v]" -map "[v]" -map 0:a -c:a copy oro-kekere.mp4

Píksẹ́lì 480 tó wà láàárín 700 àti 1180 ló yọ, fídíò á sì di 1440 sí 1080. Ẹ wo fídíò náà látòkè délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ dé àárín, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, apá rẹ̀ á gé níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ wá ìṣẹ́jú náà, kí ẹ fi abala yẹn nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú gígé etí lásán, kí ẹ sì tún ojú ìlẹ̀pọ̀ náà yẹ̀ wò lórí ògiri: tí iná bá mọ́lẹ̀ sí apá kan ju èkejì lọ, ìlà tó dúró gbọnrangandan á hàn níbẹ̀, ẹ ó sì ní láti sún nọ́ńbà 700 àti 1180 lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ògiri ti dọ́gba.